Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Àwọn Tí Mo Ń Tan Àtùpà Fún

Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí àwọn oníná mú iná wọn lọ, ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́ ni pé mo ń tan iná. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Ògùṣọ̀ ni, inú kọ̀ǹpútà ló wà, ọwọ́ ọmọkùnrin kan tí kò sí láyé ló wà, ìwé òfin eré náà sì sọ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere dé ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ó tún ṣe bàìbàì fún 20 mìíràn kọjá ibẹ̀. Mo tẹ 20 àkọ́kọ́. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ ìkejì báyìí, páú! Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Fáànù dákẹ́. Ìyàwó mi ké láti yàrá pé, "Dádì, invẹ́tà ńkọ́?" Invẹ́tà ti kú láti ìrọ̀lẹ́, nítorí pé láti àárọ̀ ni mo ti ń mọ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà sọ pé orí mi ti dàrú. Eré kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé jáde ní 1974. Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí orúkọ náà, àlọ́ ni. Ẹnì kan ni apàlọ́, àwọn tó jókòó yí i ká kò sì kàn ń gbe orin, inú àlọ́ gan-an ni wọ́n wà. Apàlọ́ á ní, "Ẹ dé ẹnu ihò kan, ẹ ń gbọ́ tí nǹkan ń mí nínú rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹnì kan á ní òun á yọ́ wọlé, ẹlòmíràn á ní òun á ju òkúta. Bí ó bá di pé a kò mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, wọ́n á ta dáìsì olójú ogún. Bí 20 bá jáde, akọni ni ọ́. Bí 1 bá jáde, o ṣubú lu ohun tó ń mí. Ìwé, pẹ́ńsùlù, dáìsì, ẹnu: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa márùn-ún ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Orí tábìlì ìyá Bàbá Ìbejì, ọ̀kan lára wa, ni, lẹ́yìn tí màmá bá ti kó àwo alẹ́ kúrò. Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn jagunjagun wa. Ọmọ ayò ni àwọn ọ̀tá, nítorí náà ogun ọ̀tá kì í ju 48 lọ, iye ọmọ tó wà nínú ọpọ́n. A kò ní dáìsì olójú ogún. Ńṣe la kọ 1 dé 20 sára bébà, a ká wọn, a kó wọn sínú agolo mílíìkì, a sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹní ṣẹ́ gègé. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ló dé tí ìdérí ìgò òun kò ní ojú àti imú.

Nígbà tó yá, jápa dé. Lọ́yà (kì í ṣe lọ́yà o, àríyànjiyàn ló fún un lórúkọ) kọ́kọ́ lọ sí London. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Ìyẹn, nọ́ọ̀sì gidi ni. Bàbá Ìbejì gba Houston lọ. Báńkà kò ré òkun kọjá, ṣùgbọ́n ó kó lọ sí Èkó, mi ò sì mọ èyí tó jìnnà jù nínú wọn. Lọ́jọ́ tí a sin Bàbá Ìbejì dé pápákọ̀ òfuurufú, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, eré yìí ò gbọdọ̀ kú o." Báàgì ti wà léjìká ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí wọ́n fi eré náà sí lọ́rùn ni mo wakọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Wọ́n ní kò ṣòro, pé tábìlì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Fantasy Grounds ti wà láti 2004. Ní 2012, àwọn kan dá owó jọ lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí Kickstarter, wọ́n fi ṣe Roll20, tó ń ṣí nínú bùráwúsà lásán. Foundry jáde ní 2020, lásìkò tí kòrónà ti ti gbogbo ayé mọ́lé, tí ẹni tí kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ Zoom tẹ́lẹ̀ ti ń fi ṣe ìkómọ. Mi ò ní dárúkọ èyí tí àwa ń lò, torí mo ṣì fẹ́ kí ó ṣí fún mi ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ ògiri. Ẹ lè gbé àwòrán ààfin tó lẹ́wà jù láyé sórí tábìlì yẹn, kí ògiri rẹ̀ nípọn bí odi ìlú àtijọ́; lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀dà lásán ni. Àfi kí èmi mú máòsì, kí n fa ìlà lé ògiri kọ̀ọ̀kan lórí láti igun dé igun, kí n wá máa ṣàlàyé fún un bí ẹní ń kọ́ ọmọdé: ògiri nìyí, ojú kò gbọdọ̀ ríran kọjá rẹ̀, ilẹ̀kùn nìyí, ó ń ṣí, fèrèsé nìyí, èèyàn lè yọjú níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè gbabẹ̀ bọ́ síta. Ààfin tí mò ń sọ yìí gba ìlà 212. Mo kà wọ́n. Bíríkìlà gidi ń gbowó iṣẹ́ lójoojúmọ́, onílé á sì tún ra ìrẹsì fún un lọ́sàn-án. Èmi? "Ọ̀gá, ṣé ó ti parí?" Ìyẹn ni ìrẹsì tèmi.

Kí ìlà tó dé rárá, ẹ gbọ́dọ̀ mú kí àpótí tó wà nínú àwòrán bá àpótí orí tábìlì mu. Àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Bí ẹ bá ṣì í díẹ̀ báyìí ní ọwọ́ òsì, tí ẹ fi máa dé ọwọ́ ọ̀tún, ìdajì jagunjagun wà nínú yàrá, ìdajì kejì wà nínú ògiri. Lọ́yà kò ní í sọ pé àwòrán ló yẹ̀. Ó máa ní òfin kò gbà kí ọ̀tá gbá ìdajì òun tó wà nínú ògiri.

Oṣù tó kọjá ni mo gbàgbé àlàfo kan. Ibi igun yàrá ìtẹ́ ni, tí ìlà méjì kò ti fẹnu kora. Ojú mi kò rí i. Ojú ta ni ì bá rí i? Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́ ọ̀dàlẹ̀ kan dàgbà nínú ìtàn yẹn, àbúrò ọba, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tó ń pín obì fún àlejò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fura sí títí di alẹ́ ọjọ́ tó máa fa ọ̀bẹ yọ. Àwọn èèyàn mi dé ẹnubodè. Ẹnubodè o! Bí wọ́n ṣe gbé ògùṣọ̀ sókè, ìmọ́lẹ̀ gba àlàfo yẹn kọjá bí okùn abẹ́rẹ́, ó la ààfin já, ó lọ dúró sí ojú ọ̀dàlẹ̀ mi.

Lọ́yà ní, "Ta nìyẹn tó fi ara pamọ́ sẹ́yìn ìtẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ?"

Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì ní, "A rí i. Àbúrò ọba ni."

"Ẹnubodè lẹ wà!"

"Èmi kọ́ ni mo ní kí ó máa mọ́lẹ̀ débẹ̀," ni Lọ́yà wí. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó wọ ààfin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ńṣe ni wọ́n kọ lẹ́tà sí ọba láti ẹnubodè.

Kí n tó gbàgbé, owó. Oṣooṣù ni mò ń san án, dọ́là sì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Tábìlì kò tóbi sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ sí i, àbí ẹ rò pé wọ́n fi ẹsẹ̀ karùn-ún kún un? Mo bẹ àwọn èèyàn mi pé kí a jọ dáwó. Bàbá Ìbejì, tó ń fi dọ́là gba owó oṣù, ní òun ti rò pé ọ̀fẹ́ ni láti ọjọ́ yìí. Ó yà á lẹ́nu gan-an. Ìyàlẹ́nu náà ni gbogbo ohun tó dá.

Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti sá fún owó oṣooṣù yẹn. Àwọn tábìlì kan wà tí èèyàn lè gbé ka orí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ máa gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé bá a. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin jà á. Àṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí fóònù tí èmi ń lò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni wọ́n kó sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí agboolé ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà kan. Láti inú ilé, kálukú lè jáde lọ sí ibi tó wù ú. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti òde wá, tó kanlẹ̀kùn, tó ní òun ń wá "ọmọ bàbá", ta ni kó dá a lóhùn? Ẹnu ọ̀nà ni Nọ́ọ̀sì àti Lọ́yà dúró sí títí ilẹ̀ fi ṣú ní London. Mo padà lọ san dọ́là mi.

Ọ̀rọ̀ aago sì wà níbẹ̀, èyí tí mo ti bá Ọlọ́run sọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni eré wa, aago Ìbàdàn. Nàìjíríà kì í yí aago. Ibi tí oòrùn bá wà la wà. Àwọn òyìnbó ní tiwọn ń gbé aago síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń wá ibi tí fáànù ti máa fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń yí i pa pọ̀, ǹ bá dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀. Ìlú Ọba dúró di ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Nítorí náà, Bàbá Ìbejì tó máa ń bá wa ní aago méjì ọ̀sán rẹ̀ yọ ní Sátidé tó tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà nígbà tí aago mẹ́jọ ń lù níbí, mo ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó fi ìṣẹ́jú márùnlélógójì kọ ọ̀rọ̀ sí wa: pé a kò ka eré sí, pé ọ̀lẹ ní Nàìjíríà kò ní í tán, pé òun fi ìyàwó àti ìbejì sílẹ̀ nítorí wa. Mo ní, "Aago rẹ ni wọ́n yí." Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan aago mi, fóònù mi ló sọ ọ́." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, London náà yí tiwọn, ó wá kan Lọ́yà láti dé níwájú àkókò, kí ó sì bínú. Bí ó bá di oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, wọ́n á tún yí i padà, gbogbo wọn á wá máa pẹ́ dé. Ta ni wọ́n sì ń pè ní ẹni tí kò mọ àkókò? Èmi tí aago mi kò kúrò lójú kan láti ọdún tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ wá gbọ́ ti egbére.

Ó ti sú mi kí n máa fi ìrì dídì àti àwọn ilé òkúta òyìnbó pàlọ́ fún ọmọ Ìbàdàn. Mo ní mo fẹ́ fi igbó tiwa ṣe é. D. O. Fagunwa gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún 36 ṣáájú àwọn ará Amẹ́ríkà méjì yẹn, iwin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó wá àwòrán róbótó fún ìkọ̀ọ̀kan wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n wá a. Lórí tábìlì íntánẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun tí kò bá ní àwòrán róbótó yìí, tí wọ́n ń pè ní token, kò sí láyé. Mo wá inú àkójọ wọn dé ìsàlẹ̀. Dírágónì pupa, ó wà. Dírágónì funfun, ó wà. Orí eegun tó ń gun ẹṣin, oríṣi mọ́kànlá. Egbére? Rárá. Mo wá mú gòbílììnì kan tó ní àwọ̀ ewé, mo pa ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, mo fi ọwọ́ ara mi ya ẹní ká sí i lábẹ́ apá, mo fi omijé méjì sí i lójú. Aago kan òru ni mo parí. Mo bojú wò ó, àánú egbére náà tilẹ̀ ṣe mí.

Ní Sátidé, mo dín ohùn mi kù. Mo ní, "Ẹ ń gbọ́ ẹkún nínú igbó. Ohun kúkúrú kan ń bọ̀..." Mo gbé e jáde.

Bàbá Ìbejì ní, "Ṣé búrẹ́dì ló gbé dání ni?"

Ọmọ Ìbàdàn ni o! Ẹni tí màmá rẹ̀ fi egbére dẹ́rù bà kí ó lè sùn! Láti ọjọ́ náà, "oníbúrẹ́dì" ni orúkọ iwin mi. Nígbà tí wọ́n máa gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè dolówó, bí gbogbo àgbà ṣe sọ, Lọ́yà béèrè bóyá ó ní bọ́tà.

Dáìsì náà kò fara rọ. Nínú ẹ̀rọ yìí, èèyàn kan máa ń kọ /roll 1d20 ni, kọ̀ǹpútà á ta á, gbogbo wa á sì rí ohun tó jáde. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá wọn lára mu. Báńkà, tó sábà máa ń wọlé láti orí fóònù nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tí a ń gbọ́ tí wọ́n ń polówó gàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń jagun, sọ pé ẹ̀rọ náà mọ̀ pé òun ò tíì sanwó, pé ìdí nìyẹn tí ó fi ń fún òun ní 3. Mo ní kò sẹ́ni tó sanwó nínú yín. Ó ní, "Ẹ wá rí i!" Lọ́yà ní tirẹ̀ ra dáìsì irin ní London, ó ní òun ò gba ti kọ̀ǹpútà mọ́, tábìlì òun lòun á ti máa ta á. A gbọ́ kìrìkìrì. "Ogún!" A tún gbọ́ kìrìkìrì. "Ogún!" Mo ní kí ó tan kámẹ́rà. Ó ní kámẹ́rà òun ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni dáìsì náà jáde ní ogún lálẹ́ ọjọ́ kan. Babaláwo pàápàá kì í rí Èjì Ogbè lẹ́ẹ̀mẹfà tẹ̀léra.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé tó kọjá, níbi tí iná ti lọ. Láptọ́ọ̀pù mi ṣì mí fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, torí bátìrì rẹ̀ ti darúgbó, ó sì kú. Ó ku fóònù. Mo bọ́ sórí ìpè tí gbogbo wọn wà, ohùn nìkan. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, iná ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu ṣe é bíi tàtijọ́. Ẹ wà nínú yàrá ìtẹ́. Ògùṣọ̀ ń jó. Àbúrò ọba ti fa ọ̀bẹ yọ."

Ká sọ tòótọ́, mo ti rò pé inú wọn á dùn. Mo ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ màmá Bàbá Ìbejì nímú.

Lọ́yà ní, "Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín èmi àti òun?"

"Ó jìnnà díẹ̀."

"Mélòó ni díẹ̀?"

"Bí ibi tí tábìlì màmá wà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná."

"Ọ̀gá, o mọ̀ pé ọ̀kọ̀ mi kì í kọjá 20. Tí ó bá jẹ́ 25 ńkọ́? Mi ò lè ju ọ̀kọ̀ sí ọ̀nà ilé ìdáná."

Báńkà ní òun ò mọ ibi tí òun dúró sí mọ́, pé ṣé òun ti jáde kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi? Ọkọ̀ ojú omi ti rì láti oṣù kìíní. Bàbá Ìbejì kàn ń sọ pé ojú ìwé òun funfun báláú, ṣé kí òun tún un ṣí? Mo ní kò sí nǹkan láti tún ṣí, etí ni kí o ṣí! Ó ní òun ti tún un ṣí, funfun náà ló ṣì wà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ rọra. Àwa tí a bá wà nínú yàrá yẹn, ta ló ń ríran?"

Ẹ wò ó, ara mi kò gbà á mọ́. Ẹ̀fọn ti jẹ mí lọ́rùn tán. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń ríran! Èmi alára ò ríran! Inú òkùnkùn biribiri ni mo jókòó sí ní Ìbàdàn níbí!"

Gbogbo wọn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì fi ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, sọ pé, "Má bínú, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n elf ni mí nínú eré yìí. Ìwé òfin sọ pé mò ń ríran nínú òkùnkùn dé ẹsẹ̀ bàtà 60."

A fi eré sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fóònù mi ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì wọlé. Ó ní eré ọjọ́ náà dùn, ó ní kí n kú iṣẹ́. Ó ní kò sí wàhálà o, ṣùgbọ́n ṣé ògùṣọ̀ yẹn lè máa jó lẹ́lẹ́lẹ́ nígbà tí a bá tún pàdé, bí iná gidi, pé òun rí ẹnì kan tó ṣe é bẹ́ẹ̀ lórí YouTube.

Aago mẹ́ta òru ni wọ́n dá iná padà. Mo rọra dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní mo fẹ́ lọ tan pọ́ǹpù omi. Mo sì tan pọ́ǹpù omi lóòótọ́. Nígbà tí omi ń lọ sókè, mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń mú kí ògùṣọ̀ jó lẹ́lẹ́lẹ́. Mo rí i. Ó ní kí n san dọ́là méjì sí i lóṣù. Mo tún fojú ka ìlà ògiri yàrá ọba. Ó ṣì ku méjìlá.